Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìsí fóònù?

Fóònù ìyá kan tí mo mọ̀ já sínú omi. Kò jẹ́ kí ó dùn ún púpọ̀, torí ó ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ní ihò síìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ síìmù kúrò nínú fóònù tó kú, ó tì í bọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì jáde. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, ó ń wo fídíò, ó ń ka ìròyìn. Ìgbà tó fẹ́ wọ àkántì báńkì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Báńkì ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ̀. Ó dúró títí, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó fi máa yá fóònù ọmọ rẹ̀ láti pè mí, inú ti ń bí i: “Síìmù mi ló wà nínú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ibo ni kóòdù mi ń lọ?”

Ìbéèrè gidi ni. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹni tó fẹ́ ta fóònù rẹ̀ kó máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan, òbí tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí kò tíì tó ní fóònù, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà kéékèèké orí fóònù mọ́. Gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìsí fóònù. Ẹni tó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni” kò purọ́. Ẹni tó bá ní “rárá” náà kò purọ́. Ohun méjì tó yàtọ̀ síra wọn là ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan ni SMS, àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ tó ń gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kọjá. Nọ́ńbà ni àdírẹ́sì rẹ̀. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gbà á kò sì ní láti gba áàpù kankan sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Fóònù tó kéré jù lọ láyé lè gbà á. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: WhatsApp, Telegram, iMessage, Messenger àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àkántì ni àdírẹ́sì tiwọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe orúkọ àkántì, èyí sì ń mú kí èèyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú SMS.

Tábúlẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe èkejì yìí. Àkọ́kọ́ ni kò dájú.

Ohun tí SMS ń fẹ́ gan-an

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé SMS àkọ́kọ́ láyé kò ti inú fóònù jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́ńjíníà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Neil Papworth jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìkíni Kérésìmesì ránṣẹ́ sórí fóònù Richard Jarvis, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Vodafone. Jarvis kò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ fèsì, torí fóònù ọwọ́ rẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ ni, kò lè kọ ọ́. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kì í ṣe fóònù ni SMS ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í ránṣẹ́. Ohun tó ń béèrè ni ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù gbà láyè láti kó ọ̀rọ̀ fún òun, àti nọ́ńbà tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá.

Bó ṣe ń rìn rèé. Gbogbo fóònù tó wà ní títàn ló ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni. Fóònù ń sọ pé òun wà níbí, òpó ń sọ pé òun ti gbọ́. Ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí ni SMS yá lò. Nítorí pé ó tóóró, báìtì 140 péré ni ẹyọ SMS kan lè gbé, ìyẹn lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Ará Jámánì kan, Friedhelm Hillebrand, tó wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀, jókòó ní ọdún 1985, ó ń tẹ gbólóhùn lásán-làsàn sórí ìwé, ó ń ka lẹ́tà inú wọn. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù kì í tó 160, ó sì gbà pé ó tó.

Ó tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú SMS yín, gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí ètò lẹ́tà mìíràn, 160 á sì di 70. Ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà bíi ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, àyè méjì ló máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ìkíni kúkúrú kan ní èdè wa fi lè di SMS méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò tó ìdí láti yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó dára kí èèyàn mọ ohun tó ń jẹ owó rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nípa SMS tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó máa kọ́kọ́ dé ibùdó kan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá fóònù tó ń lọ bá. Tí wọn kò bá rí i, bóyá ó wà ní pípa tàbí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tó wà, wọ́n á tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì máa gbìyànjú títí yóò fi dé.

Kí ló dé tí síìmù nìkan kò tó

Síìmù dà bí ìwé ìdánimọ̀. Ó ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni tí ẹ jẹ́ àti nọ́ńbà tó jẹ́ tiyín. Ẹ̀rọ tí síìmù wà nínú rẹ̀ ló máa pinnu iṣẹ́ tó máa fi ìwé náà ṣe, ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ṣe láti fi gba dátà nìkan. Wọn kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn.

iPad ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Èyí tó ní síìmù lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbikíbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, ṣùgbọ́n kò lè fi síìmù yẹn pe èèyàn, kò sì lè fi í kọ SMS fúnra rẹ̀. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé áàpù Messages wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ibẹ̀. iMessage ni wọ́n ń lò, èyí tí Apple gbé jáde ní ọdún 2011. Ó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì sì lè jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, nítorí náà kò nílò fóònù rárá. Àmọ́ ẹni tó ń lo ohun èlò Apple nìkan ló lè gbà á. Àwọ̀ búlúù ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ máa ní.

Ẹ lè wá rí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé lórí iPad ẹlòmíràn, tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lo Android. Ẹ óò ní, “Ṣebí ẹ ní kò lè ṣe é?” iPad kọ́ ló ṣe é. iPhone kan wà níbì kan, ti ẹni náà, tó ń ṣe alárinà. iPad á fi ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́, iPhone á sì fi SMS ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Láti ọdún 2014 ni iPhone ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tí alárinà bá kú, aláwọ̀ ewé náà kò ní lọ mọ́.

Ní ti Android, ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà, pàápàá nínú àwọn Galaxy Tab ti Samsung tó ní síìmù, tó lè pe èèyàn, tó sì lè fi SMS ránṣẹ́ bíi fóònù gẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn tó jọ wọ́n bí ìbejì kò lè ṣe é, torí wọ́n ti pa apá ìpè náà lára èyí tí wọ́n ń tà ní orílẹ̀-èdè kan. Orúkọ tó wà lára páálí kò tó ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà pẹ̀lú kò tó, torí òun náà lè gbà tọkàntọkàn pé ibi tí síìmù bá ti wọ̀, SMS á wọ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò fúnra yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ wọ ibi tí Settings ti ń sọ nípa ẹ̀rọ náà, kí ẹ wá nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ tó lè lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù máa ń ní. Tí kò bá sí, Wi-Fi nìkan ló mọ̀, ọ̀rọ̀ síìmù ti parí níbẹ̀. Tí IMEI bá wà, ó mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì sọ pé ó mọ SMS. Ẹ wò ó bóyá áàpù tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà pe èèyàn wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ kọ SMS sí ẹnì kan tó wà nítòsí, kí ẹni náà sì fèsì. Ìgbà tí èsì bá wọlé ni kí ẹ tó gbà pé tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn lè dá dúró. Ẹni tó bá máa ń tẹ àwọn kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ tó sì parí pẹ̀lú # gbọ́dọ̀ dán ìyẹn náà wò lọ́tọ̀, torí apá ìpè kan náà ni wọ́n ń gbà.

Àwọn ọ̀nà tí fóònù ṣì fara pamọ́ sí ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní “láìsí fóònù” ló ní fóònù nídìí. Google Messages jẹ́ kí ẹ ṣí ojú ìwé kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so ó mọ́ fóònù Android yín, kí ẹ sì máa ka SMS yín níbẹ̀, kí ẹ máa dáhùn rẹ̀. Ó dára gan-an fún ẹni tí fóònù rẹ̀ wà nínú yàrá kejì. Àmọ́ fóònù náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì. RCS, tí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun fi ń rọ́pò SMS, ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà orí síìmù ló rọ̀ mọ́.

WhatsApp wà láàárín èyí tó nílò fóònù àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Ẹ lè so ẹ̀rọ mẹ́rin mọ́ àkántì tó wà lórí fóònù yín, tábúlẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. iPad gan-an ti ní áàpù tirẹ̀ láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Tí ẹ bá ti so wọ́n, ọ̀rọ̀ á máa wọlé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kódà nígbà tí fóònù bá wà ní pípa. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá ṣí WhatsApp lórí fóònù náà fún nǹkan bí ọjọ́ 14, wọ́n á já tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò. Mo mọ ẹni tó rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan, tó fi fóònù sílẹ̀ nílé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rò pé wọ́n ti jí àkántì òun.

Telegram rọrùn jù fún onítábúlẹ́ẹ̀tì, torí kò fi fóònù ṣe ọ̀gá lórí àwọn ẹ̀rọ tó kù. Ó kàn nílò nọ́ńbà láti fi forúkọ sílẹ̀ ni. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rí ohun kan tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: nọ́ńbà àti áàpù kò ní láti gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Nọ́ńbà lè wà nínú fóònù kékeré onítẹ̀ tí kò mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ́, kóòdù á wọlé sínú rẹ̀, ẹ óò sì tẹ kóòdù náà sórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ju síìmù yẹn nù lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ tán. Nọ́ńbà tí ẹnì kan kò lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè gbà á padà, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Ẹni tuntun náà lè fi í forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù kan náà láìní èrò ibi kankan lọ́kàn, ẹ̀yin lẹ óò bọ́ síta. WhatsApp àti Telegram ní ààbò ìpele kejì tí ẹ lè tàn: ti WhatsApp jẹ́ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ onídíjíìtì 6, ti Telegram jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ tàn án lónìí, kí ẹ sì fi ímeèlì yín tì í lẹ́yìn.

Fún ọmọdé tó kàn fẹ́ máa kí òbí rẹ̀, gbogbo wàhálà nọ́ńbà yìí kò pọn dandan. Áàpù tó ń lo ímeèlì tó fún un.

Nọ́ńbà àyálò

Tó bá jẹ́ pé SMS gidi lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, sí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò mọ áàpù kankan, tí tábúlẹ́ẹ̀tì yín sì jẹ́ ti Wi-Fi nìkan, ọ̀nà kan ṣì wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń yá èèyàn ní nọ́ńbà tí kò sí lórí síìmù kankan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni nọ́ńbà náà ń gbé. Ẹ óò kọ ọ̀rọ̀ sínú áàpù wọn, ó máa gba íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, kọ̀ǹpútà náà á sì fi lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí SMS. Ohun tí Papworth ṣe ní 1992 ni wọ́n ń ṣe títí dòní.

Google Voice wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, kó sì ti ní nọ́ńbà Amẹ́ríkà mìíràn tó máa fi forúkọ sílẹ̀. TextNow ń fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní nọ́ńbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń san án. Tí ẹ kò bá lò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á gbà á padà. Níbi tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá ti wà, ó dára fún ìkíni, fún àdéhùn ìpàdé, fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi owó rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà àyálò, torí kò fi hàn pé ẹ̀rọ kan pàtó wà lọ́wọ́ ẹni náà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi pe ìrànlọ́wọ́ nígbà ewu.

Ìmọ̀ràn kan ṣì wà káàkiri pé kí ẹ kọ ímeèlì sí nọ́ńbà èèyàn, á sì di SMS. Ó ṣiṣẹ́ nígbà kan lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n AT&T ti pa tirẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòdù

Lẹ́nu àwọn tó ń bi mí, ọ̀rọ̀ kóòdù ló máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú. Fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kì í ṣòro fún ẹni tó ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Gbígbà ló ń dè é mọ́lẹ̀. Báńkì, ímeèlì, iléeṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ló ń fi SMS bi wá bóyá àwa ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, kó kọ orúkọ gbogbo àkántì tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí nọ́ńbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ rọ́pò SMS pẹ̀lú áàpù tó ń pèsè kóòdù fúnra rẹ̀, irú èyí tí Google àti Microsoft ń pè ní Authenticator. Kò nílò síìmù, kò tilẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tàn án, tábúlẹ́ẹ̀tì yín àti àkántì náà á jọ pín àṣírí kan. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì á máa fi àṣírí yẹn àti aago ṣe ìṣirò kan náà, nọ́ńbà onídíjíìtì 6 á sì máa yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ àwọn kóòdù ìpamọ́ tí wọ́n bá fún yín sórí ìwé, torí tábúlẹ́ẹ̀tì náà lè já sínú omi.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣe èyíkéyìí nínú wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó yọ síìmù kúrò nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kó wá fóònù onítẹ̀ kan. Wọ́n rí ọ̀kan nínú àpótí, ṣùgbọ́n síìmù náà kéré ju ihò rẹ̀ lọ, àfi ìgbà tí wọ́n rí férémù oníke tí wọ́n fi ń sọ síìmù kékeré di ńlá. Wọ́n tan fóònù náà. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta fi wọlé tẹ̀ léra wọn, gbogbo èyí tí ibùdó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ń tọ́jú dè é. Kóòdù inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú, àkókò wọn ti kọjá. Ó béèrè ìkẹrin, ó wọlé, ó tẹ̀ ẹ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, àkántì rẹ̀ sì ṣí. Fóònù kékeré yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí dòní pẹ̀lú síìmù nínú rẹ̀, ó sì ń ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.